Ìwé Ló Ni Ilé, Eré Ni Àlejò: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Kan Ṣe Ṣe Èèpo Iwájú Ìwé Atọ́ka Ètò Tẹlifíṣọ̀n

Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2014 sí oṣù kẹta ọdún 2015, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí mo ti ń bójú tó kámẹ́rà, kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa iṣẹ́ ìròyìn, tẹlifíṣọ̀n àti fíìmù. Èmi kì í ṣe olùkọ́, n kì í sì í fún ẹnikẹ́ni ní máàkì. Iṣẹ́ tèmi ni kí irinṣẹ́ máa ṣiṣẹ́ bó ti yẹ, kí n sì fi bí wọ́n ṣe ń lò ó han ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí jẹ́ ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún kan tí wọ́n bí sí Peckham, tí ìyá àti bàbá rẹ̀ sì wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Orúkọ wa gan-an ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pe àwa òṣìṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ó bá ku èmi àti òun nìkan, Àǹtí ni ó ń pè mí, Yorùbá tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ ni a sì máa ń bá ara wa sọ. Mo kọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé àṣìṣe tí ó kọ́kọ́ ṣe ni mo ti rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú rẹ̀, àti nítorí pé ọ̀nà tí ó gbà jáde nínú rẹ̀ yóò wúlò fún ẹni tó bá ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Iṣẹ́ náà jẹ́ ara A Level, ìdánwò tí àwọn ọmọ Ìlú Ọba ń ṣe kí wọ́n tó wọ yunifásítì, ti OCR tó jẹ́ àjọ tó ń ṣètò ìdánwò, ní abala tí wọ́n pè ní G324. Èyí tí ọmọ yìí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú nínú oríṣiríṣi iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni pé kí wọ́n ṣe ìpolówó fún sóòpù tuntun, ìyẹn eré alátẹ̀léra orí tẹlifíṣọ̀n, irú èyí tí BBC bẹ̀rẹ̀ ní 1985 tí wọ́n pè ní EastEnders, tàbí Coronation Street tí ó ti wà lórí afẹ́fẹ́ láti oṣù kejìlá ọdún 1960. Fídíò ìpolówó ni iṣẹ́ àgbà, gbogbo ẹgbẹ́ ni wọ́n sì jọ ṣe é. Iṣẹ́ kékeré méjì tẹ̀lé e: èèpo iwájú ìwé atọ́ka ètò tẹlifíṣọ̀n, ìyẹn ìwé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ tó ń sọ ètò tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n àti aago wọn, tí yóò gbé sóòpù náà jáde, àti pósítà kan. Wọ́n pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, èèpo ìwé sì bọ́ sọ́wọ́ ọmọ yìí. Nínú ọgọ́rùn-ún máàkì, fídíò gba 40, èèpo ìwé gba 10, pósítà gba 10, ìwádìí àti ìpalẹ̀mọ́ gba 20, àgbéyẹ̀wò tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ yóò ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ sì gba 20 tó kù. Máàkì mẹ́wàá kò jọ ohun ńlá lójú àwọn ọmọ, ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú wọn fi ń sáré ṣe èèpo ìwé ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn pátápátá. Ohun tí wọn kì í rántí ni pé ọ̀kan nínú ìbéèrè mẹ́rin tí àgbéyẹ̀wò náà ń béèrè ni bí fídíò, èèpo àti pósítà ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́ tó, nítorí náà èèpo tí kò dára yóò tún dé ibẹ̀ lọ jẹ wọ́n níyà.

Ìtàn sóòpù náà rọrùn. Ìlà ṣọ́ọ̀bù kan wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù: onídìrí, alápatà, ilé ìfọṣọ, ilé tẹ́tẹ́. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ìdìrí ti ń ṣe é fún ọdún mẹ́wàá láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, tí ó sì gbà pé òun nìkan ni ilé náà kàn, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí kò wálé láti ọjọ́ pípẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì láti ẹ̀ka eré orí ìtàgé ni ó ṣe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò náà, àwọn méjèèjì dúdú dáadáa, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara wọn yìí sì máa di pàtàkì níwájú.

Ní ìparí oṣù kọkànlá ni ó mú èèpo àkọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi pé kí n bá òun tẹ̀ ẹ́. Àwòrán òpópónà lálẹ́ ni ó gba gbogbo ojú ewé. Obìnrin náà dúró ní jìnnà, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń wo ṣọ́ọ̀bù tí iná ń tàn nínú rẹ̀. Orúkọ sóòpù wà láàárín gàdàgbà, lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ó ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Orúkọ ìwé fúnra rẹ̀ kéré ní igun òkè, bákóòdù wà nísàlẹ̀, iye owó tí ó kọ sára rẹ̀ sì jẹ́ pọ́n-ùn mẹ́ta ààbọ̀. Ó rẹwà. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀ nítorí pé òtítọ́ ni. Mo wá bi í pé, “Ìwé wo nìyí?” Ó ní, “Àǹtí, ìwé tẹlifíṣọ̀n ni.” Mo ní kí ó fi ọwọ́ bo bákóòdù, kí ó sì tún wò ó. Ó wò ó títí, lẹ́yìn náà ó ní, “Pósítà ni.”

Kí n tó bá a fọwọ́ kan ohunkóhun lórí kọ̀ǹpútà, mo ní láti sọ ìtàn irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún un, nítorí pé ọmọ tí wọ́n bí ní 1997 kò fi ìwé wá ètò tẹlifíṣọ̀n rí. Orí fóònù tàbí orí tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ni ó ti ń rí i. Radio Times ni àgbà gbogbo wọn. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1923 ni ó kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn tí àwọn tó ni ìwé ìròyìn halẹ̀ mọ́ BBC pé àwọn kò ní máa tẹ ètò rédíò wọn jáde láìgba owó, tí John Reith tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ sì pinnu pé kí wọ́n ní ìwé tiwọn. Nígbà tí ITV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń bá BBC díje, bẹ̀rẹ̀ ní 1955, TV Times bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ ètò gbogbo ọ̀sẹ̀ ti BBC yóò ra Radio Times, ẹni tó bá fẹ́ ti ITV yóò ra TV Times, ẹni tó bá sì fẹ́ méjèèjì yóò san owó méjì. Ọjà yìí gbóná débi pé Radio Times ti Kérésìmesì ọdún 1988 tà ju mílíọ̀nù 11 lọ. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1991 ni gbogbo rẹ̀ yí padà, tí òfin gbà kí ẹnikẹ́ni máa tẹ ètò gbogbo ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n jáde pọ̀. What's on TV jáde lọ́dún náà, TV Choice tẹ̀lé e ní 1999.

Ohun tí mo fẹ́ kí ó rí nínú ìtàn yìí ni pé láti 1991, ohun kan náà ni ó wà nínú gbogbo ìwé wọ̀nyí. Aago tí EastEnders bẹ̀rẹ̀ nínú Radio Times ni aago tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú TV Choice. Bí ọwọ́ ẹni tó wà níwájú pẹpẹ ìwé ní ṣọ́ọ̀bù bá na sí ọ̀kan, tí ó sì fi èkejì sílẹ̀, iye owó àti èèpo iwájú ni ó fà á. Ìyẹn ni pé èèpo náà ń polówó ìwé fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́sẹ̀ yẹn, sóòpù sì wà lára rẹ̀ nítorí pé ó lè mú kí ìwé tà. Mo sọ ọ́ fún un báyìí pé, “Ìwé ló ni ilé, eré ni àlejò. Tìẹ yìí, àlejò ti lé onílé síta.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta ìwé ìròyìn nítòsí ilé wọn, ó ra Radio Times, TV Choice àti What's on TV, ó sì fi fóònù ya pẹpẹ náà pẹ̀lú àṣẹ onílé ìtajà. Fọ́tò pẹpẹ yẹn kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ju ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Àwọn ìwé náà gun ara wọn lẹ́yìn bí ìpẹ́ ẹja, tí ó fi jẹ́ pé apá òsì èèpo nìkan ni ojú ń rí lára ọ̀pọ̀ wọn. Nínú èèpo tirẹ̀, òkùnkùn òpópónà nìkan ni ó wà ní apá òsì. Bí wọ́n bá tò ó sórí pẹpẹ yẹn, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ìwé wà níbẹ̀.

Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì jọ ara wọn. TV Choice àti What's on TV kò tó pọ́n-ùn kan lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Fọ́tò àwọn òṣèré sóòpù kún ara èèpo wọn, mẹ́rin, márùn-ún, àwọ̀ pupa àti yẹ́lò ń pariwo, àkọlé kọ̀ọ̀kan sì ń sọ bí ẹni pé àdúgbò ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde: ta ló dalẹ̀, ta ló ń kú lọ, ta ló padà wálé. Radio Times, tí owó rẹ̀ ju pọ́n-ùn kan lọ, sábà máa ń gbé àwòrán kan ṣoṣo tó lágbára, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò pọ̀. Mo fi èèpo Radio Times kan tí mo ti tọ́jú hàn án, ti ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 30 oṣù kẹrin ọdún 2005, níbi tí àwọn Dalek, ìyẹn àwọn ọ̀tá tó jọ ẹ̀rọ inú Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n BBC, ti wà níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Westminster, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì péré tó ń ní kí àwọn ènìyàn dìbò fún Dalek. Ní 2008, wọ́n dìbò yan èèpo yìí gẹ́gẹ́ bí èèpo ìwé tó dára jù lọ ní Bìrìtéènì. Ìdí tí mo fi fi hàn án ni pé ọ̀sẹ̀ yẹn ni Dalek padà sínú eré náà, ìdìbò gbogboogbò sì máa wáyé ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún, ìyẹn nínú ọ̀sẹ̀ ìwé náà gan-an. Ẹni tó ṣe é wo eré, ó wo ọ̀sẹ̀, ó sì so méjèèjì pọ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ ti wọlé. Ó ti kọ 16 sí 22 oṣù kẹta ọdún 2015 sára èèpo rẹ̀, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Àìkú, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń ka ọ̀sẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ ìwé atọ́ka ní Ìlú Ọba máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó sì ń parí lọ́jọ́ Ẹtì, kí ẹni tó rà á lè ní òpin ọ̀sẹ̀ lódindi lọ́wọ́. Àṣìṣe kékeré ni, ṣùgbọ́n ó tó fún ẹni tó mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti mọ̀ pé ẹni tó ṣe é kò kà á rí. A yí i sí 14 sí 20 oṣù kẹta. Nígbà tí ó wá wo ohun tó bọ́ sínú ọjọ́ méje yẹn, inú rẹ̀ dùn gan-an: England máa bá Scotland gbá bọ́ọ̀lù rúgúbì ní Twickenham lọ́jọ́ Sátidé 14, ọjọ́ Àìkú 15 jẹ́ àyájọ́ àwọn ìyá ní Bìrìtéènì, lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì 20, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀, oṣùpá máa bo ohun tó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún oòrùn lójú àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo ènìyàn ti mọ̀ nípa oòrùn yìí tipẹ́, nítorí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lè ṣírò rẹ̀ sílẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú. Ìwé rẹ̀ wá ní ọ̀sẹ̀ gidi tí ó ń bá ṣe.

Fọ́tò ni ó gba àkókò wa jù. Ó ti pinnu pé òun yóò mú àwòrán kan jáde láti inú fídíò ìpolówó tí wọ́n ti yà, kí èèpo àti fídíò lè jọ ara wọn. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n ìṣirò kò gbà á. Fídíò wọn jẹ́ píkísẹ́lì (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 1920 ní ìbú àti 1080 ní gíga. Èèpo ìwé dúró lóòró, nítorí náà gíga 1080 yẹn ni yóò na ojú ewé A4 tí ó ga ní mìlímítà 297, ìyẹn nǹkan bí íǹṣì méjìlá dín díẹ̀. Bí a bá pín in, píkísẹ́lì 92 péré ni yóò bọ́ sórí íǹṣì kan, nígbà tí ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ dáadáa ń fẹ́ 300. Lójú kọ̀ǹpútà, kò sí ohun tó ṣe é. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, etí àwòrán náà jẹ gédégédé bí àkàsọ̀, ojú obìnrin náà sì dà bí ohun tí a ń wò láti ẹ̀yìn ọ̀rá. Mo jẹ́ kí ó mú ìwé tí a tẹ̀ náà lọ sílé. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì pé òun máa ya fọ́tò tuntun.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó yà á, ó fi kámẹ́rà Canon kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ní píkísẹ́lì mílíọ̀nù 18, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá gbé e dúró, àwòrán rẹ̀ jẹ́ 3456 ní ìbú àti 5184 ní gíga. Ìyẹn ju ohun tí a nílò lọ, nítorí pé ojú ewé A4 ní 300 sí íǹṣì kan kò ju 2480 sí 3508 lọ, bí a bá sì fi mìlímítà mẹ́ta kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ibi tí ẹ̀rọ yóò gé kúrò, 2551 sí 3579 ni. Ṣùgbọ́n iwájú fèrèsé ńlá ni ó ní kí àwọn òṣèré méjèèjì dúró sí, ó sì fi kámẹ́rà sílẹ̀ kí ó máa díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Kámẹ́rà kò mọ ojú ènìyàn yàtọ̀ sí fèrèsé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ nínú àwòrán, ó máa ń dín gbogbo rẹ̀ kù. Fèrèsé jáde dáadáa, ojú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sì ṣú pátápátá. Ó gbìyànjú láti fi Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, tan ìmọ́lẹ̀ sí i, àwọ̀ wọn wá di bí ẹni tó fi eérú pa ara, pẹ̀lú èérún kéékèèké káàkiri ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, n kò sì ní fi pamọ́. Mo ti rí i lọ́dọọdún pé nígbà tí fọ́tò ọmọ dúdú bá ṣú, àwọn kan yóò sọ pé bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Irọ́ ni. Ẹni tó ya á ni kò wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Àwọ̀ dúdú máa ń gba ìmọ́lẹ̀, ó sì máa ń dá a padà lọ́nà tó dùn-ún wò, bí ìmọ́lẹ̀ náà bá wá láti ẹ̀gbẹ́, tí ó sì tẹ́ rẹrẹ. A padà sí yàrá kan náà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. A yí àwọn òṣèré kí fèrèsé wà ní apá òsì wọn, a gbé pátákó funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sí apá ọ̀tún kí ó lè dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ojú tí òjìji bò, ògiri aláwọ̀ ewé dúdú sì ni ó wà lẹ́yìn wọn dípò ògiri funfun. Mo ní kí ó díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ láti orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà gan-an. Ó fi ojú kámẹ́rà, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, sí ìwọ̀n f/5.6 kí ojú ẹni méjèèjì lè hàn kedere, nítorí pé nígbà tí ó ṣí i jù, ojú ẹ̀gbọ́n tó dúró sẹ́yìn di kùrukùru. Nígbà tí fọ́tò àkọ́kọ́ jáde lójú kámẹ́rà, òṣèré obìnrin náà wò ó, ó ní, “Èmi rèé o.”

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ìmọ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀, yíǹkì mẹ́rin ni ìwé fi ń ṣe é, yíǹkì sì máa ń tàn kálẹ̀ díẹ̀ nínú bébà, pàápàá bébà tí kò wọ́n. Ibi tó bá dúdú nínú àwòrán á wá dúdú sí i. Ó gbé àárín àwọ̀ sókè níwọ̀nba kí ó tó tẹ̀ ẹ́, ó sì dín yíǹkì búlúù kù lára ojú wọn, kí pupa rẹ́súrẹ́sú tó wà lábẹ́ àwọ̀ ara má bàa kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a tẹ̀ ẹ́ kí ó tó bọ́ sí i.

Bí àwọn méjèèjì ṣe dúró fún fọ́tò náà ni ìpinnu tó dára jù lọ tí ó ṣe, èmi kọ́ ni mo sì sọ fún un. Obìnrin náà dojú kọ wa, ó ń wo ojú ẹni tó ń ra ìwé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lẹ́yìn èjìká rẹ̀, kò wò wá. Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀ ni ó ń wò. Kọ́kọ́rọ́ yẹn náà ni ó parí fídíò ìpolówó. Nínú àwọn ìwé tí ó rà, ó ṣàkíyèsí pé àwọn òṣèré sábà máa ń wo ojú ẹni tó ń kàwé, nítorí pé ìwé ń pè é wá. Pósítà kò ní dandan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣe pósítà nínú ẹgbẹ́ wọn wá yọ ojú ènìyàn kúrò pátápátá nínú tirẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ nìkan sílẹ̀ nínú ihò ilẹ̀kùn. Ohun kan ṣoṣo ni ó wá so iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kò sì sí èyí tó jọ èkejì jù.

Orúkọ ìwé di gàdàgbà, ó gba òkè láti òsì dé ọ̀tún, funfun lórí pupa. Ó fẹ́ kí orí obìnrin náà bo lẹ́tà méjì nínú rẹ̀, bí ó ti rí i lára Radio Times. Mo ní kí ó ṣọ́ra. Radio Times ti wà nílẹ̀ ju àádọ́rùn-ún ọdún lọ nígbà náà. Bí orí bá bo ìdajì orúkọ rẹ̀, ojú àwọn ará Ìlú Ọba yóò kà á parí. Ìwé tirẹ̀ kò ní irú ọlá bẹ́ẹ̀. Irun obìnrin náà wá kan ìsàlẹ̀ lẹ́tà kan péré. Àkọlé àgbà kúrò ní pé sóòpù ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó di ìbéèrè: ta ló ni kọ́kọ́rọ́ kejì? Orúkọ sóòpù wà lábẹ́ rẹ̀, ó kéré sí i, pẹ̀lú ìlérí pé òṣèré obìnrin náà bá ìwé sọ̀rọ̀ nínú. Mo fẹ́ràn ìlérí yẹn, nítorí pé ó jẹ́ kí ìwé ní ohun tirẹ̀ tí yóò fún òǹkàwé yàtọ̀ sí eré.

Apá òsì ni àwọn àkọlé kéékèèké bọ́ sí, nítorí fọ́tò pẹpẹ ọjọ́ Sátidé: oòrùn ọjọ́ Ẹtì lókè, fíìmù tí ìyá àti ọmọ lè jọ wò lọ́jọ́ Àìkú láàárín, rúgúbì nísàlẹ̀. Òfin iṣẹ́ náà ni pé àwòrán gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn yà, kò sì lè ya oòrùn tí kò tíì ṣókùnkùn. Ó gbé àtùpà tábìlì kan kalẹ̀ nínú yàrá ìyá rẹ̀, ó fi àwo pẹrẹsẹ di ojú rẹ̀ títí ó fi ku bíńtín bí èékánná, ó sì yà á. Fún ti ọjọ́ àwọn ìyá, ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó di òdòdó mú ni ó yà. Rúgúbì kò ní fọ́tò rárá, ọ̀rọ̀ nìkan ni, ibẹ̀ sì ni mo ti rò pé èèpo náà tẹ́ díẹ̀. Mo sọ fún un, ṣùgbọ́n ó ní fọ́tò mẹ́ta yóò fún obìnrin náà mọ́lẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó gbọ́n jù mí lọ lórí ìyẹn.

Iye owó sọ̀kalẹ̀ sí 60 pẹ́nsì. Bákóòdù ìwé àtìgbàdégbà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 977, ó sì máa ń ní nọ́ńbà méjì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń sọ ẹ̀dà tí ó jẹ́. Mo ní kí ó má ṣe kó nọ́ńbà ìwé gidi kankan, kí ó ṣe tirẹ̀, ó sì fi 11 sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí pé ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún ni.

Ní òpin oṣù kejì, a tẹ èèpo àkọ́kọ́ àti èyí tuntun, a tò wọ́n sórí tábìlì ilé ìkàwé láàárín àwọn ìwé gidi, kí wọ́n gun ara wọn bí ti orí pẹpẹ. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sí nínú kíláàsì rẹ̀ wò wọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí. Ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ dárúkọ èèpo àkọ́kọ́. Àwọn tó rí i pè é ní ìwé fíìmù. Fún èyí tuntun, oòrùn ni àwọn mélòó kan kọ́kọ́ mẹ́nu bà, lẹ́yìn náà obìnrin tó ń wò wọ́n, lẹ́yìn náà kọ́kọ́rọ́. Ọmọkùnrin kan bi í pé aago mélòó ni sóòpù náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó rò pé òótọ́ ni. Ọmọbìnrin náà wo ojú mi, kò lè sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ ni ó kọ sílẹ̀, nítorí pé ìbéèrè kẹta nínú àgbéyẹ̀wò dá lórí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rí kọ́ lẹ́nu àwọn òǹwòran.

Ó kó iṣẹ́ náà fún àwọn olùkọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹta. Nígbà tí ó di òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì 20, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ jáde sí àgbàlá kọ́lẹ́ẹ̀jì láti wo oòrùn, òun náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú èèpo rẹ̀ tí a tẹ̀ ní abẹ́ apá. Ìkùukùu bo gbogbo ojú ọ̀run Lọ́ńdọ̀nù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ilẹ̀ ṣú díẹ̀, òtútù mú wa, kò sì sí ẹni tó rí oòrùn sójú. Ó wo òkè, ó wo àwo ìyá rẹ̀ tó wà lára èèpo, ó ní, “Àǹtí, BBC ń gbé e sáfẹ́fẹ́ báyìí o,” a sì padà wọlé lọ tan tẹlifíṣọ̀n.